Àṣẹ́kù Mẹ́tàdínlógún

Agogo ara ògiri yàrá ìkàwé fi hàn pé ó ku ogójì ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù. Linnea Kangas ṣẹ̀ṣẹ̀ fi igba ó lé mẹ́tàlélọ́gọ́rin pín nọ́ńbà náà tán ni. Ó ṣẹ́ ku àádọ́sàn-án. Ó kọ 283 sí apá òsì, ó kọ 170 sí apá ọ̀tún, ó wá gbọn ọwọ́ rẹ̀ tí pẹ́ńsù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá egbò sí.

1,000,009 ni nọ́ńbà tó ń dà á láàmú, mílíọ̀nù kan àti mẹ́sàn-án. Oṣù kọkànlá ni Míìsì Tormala, olùkọ́ ìṣirò wọn, ti gbé e lé òun àti Odette Beaudry lọ́wọ́ nínú àpòòwé. Gbogbo ẹgbẹ́ ìṣirò tó wà ní agbègbè etí Adágún Superior ló ń múra ìdíje kan náà: kí ọmọ méjì gba nọ́ńbà ńlá kan, kí wọ́n fi ọwọ́ àti pẹ́ńsù wádìí gbogbo ohun tí wọ́n bá lè wádìí nípa rẹ̀, kí wọ́n má fi ẹ̀rọ kankan ṣe é, kí wọ́n sì wá dúró níwájú àwọn adájọ́ ní oṣù kejì ọdún. Àwọn méjì tó bá gbégbá orókè yóò lọ lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún ní yunifásítì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìbéèrè tó ṣáájú ni pé, ṣé ó ṣeé pín? Àwọn nọ́ńbà kan wà tí ohunkóhun kò lè pín dọ́gba, àfi ení àti àwọn fúnra wọn. Irú wọn ni eéje, irú wọn ni ọ̀kànlá. Aláìṣeépín ni wọ́n ń pè wọ́n nínú ẹgbẹ́ ìṣirò. Láti mọ̀ bóyá 1,000,009 wà lára wọn, ẹnì kan ní láti mú gbogbo aláìṣeépín tó wà lábẹ́ ẹgbẹ̀rún, kó fi wọ́n pín in lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ju ẹgbẹ̀rún lọ kò nílò àyẹ̀wò, torí pé bí ńlá kan bá pín in, kékeré kan ní láti jẹ́ ìkejì rẹ̀. Méjìdínláàádọ́sàn-án ni àwọn tó yẹ kó fi pín in. Linnea ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun yóò ṣe ìyẹn. Odette gba iṣẹ́ mìíràn: ó ń wá nọ́ńbà méjì tó jẹ́ pé, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá lọ́po ara rẹ̀, tí a wá ro wọ́n pọ̀, 1,000,009 ni yóò jáde. Ó ti rí ọ̀kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, kí a fi mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta lé e.

Ọ̀kànlélọ́gọ́ta ni Linnea tíì ṣe. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló sì ti sọ fún Míìsì Tormala pé òun ti kọjá ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé họ́kì, eré tí wọ́n ń fi igi gbá lórí yìnyín, ló gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá a fún ilé ìwé ni, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ń ṣe ọ̀lẹ.

Brynn, tó ń ṣọ́ ilé fún ẹgbẹ́ họ́kì wọn, yọ orí sínú yàrá.

"Kangas, ṣé o ṣì ń bá nọ́ńbà yẹn jà ni? Kóòṣì ti ń béèrè ẹ. Nọ́ńbà ò ní bá wa gbá góòlù wọlé o."

"Mò ń bọ̀. Fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀."

"Ìṣẹ́jú díẹ̀ tìẹ, ìyẹn náà á gùn tó nọ́ńbà ẹ." Brynn rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Aago mẹ́rin ni Míìsì Tormala fẹ́ gba àtẹ tó ń kọ àwọn àṣẹ́kù náà sí. Linnea kọ 293, òun ló kàn. Ó wo agogo. Ó wo ìwé. Mẹ́tàdínlógún ni nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀wù họ́kì rẹ̀, bóyá ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ òun ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ó kọ 17 sí ẹ̀gbẹ́ 293.

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àjà ò já. Ó kọ 307, ó fi 240 tì í. Ó kọ 311, ó fi 58 tì í. Ó ń ṣọ́ra kí àṣẹ́kù má ju nọ́ńbà tó ń pín lọ, ó sì ń ṣọ́ra gan-an kí òdo má yọjú níbikíbi. Mẹ́tàdínláàádọ́fà ni gbogbo èyí tó hùmọ̀ láàárín ìdajì wákàtí. Ó ní fún ara rẹ̀ pé tó bá di Sátidé, òun á jókòó pín wọn ní ti òótọ́, òun á sì tún èyí tó bá yẹ ṣe.

Míìsì Tormala gba ìwé náà, ó na ìka sí ibi mẹ́ta, ó sì ṣírò wọn lójú ẹsẹ̀. Eéje: mẹ́ta ló ṣẹ́kù. 101: mẹ́jọ. 211: ọgọ́rin. Gbogbo wọn pé, torí pé nínú àwọn tí Linnea ṣe ní ti òótọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà.

"Kò sí òdo kankan," ni olùkọ́ náà wí. "A jẹ́ pé aláìṣeépín ni. O káre, Linnea. Iṣẹ́ tó ń súni ni, o sì ṣe é dópin."

"Ẹ ṣé, mà."

Sátidé dé, ó lọ. Òmíràn dé, wọ́n lọ gbá họ́kì ní ìlú kejì. Linnea kò fọwọ́ kan pẹ́ńsù.

Ohun tó yà á lẹ́nu ni bí ọkàn rẹ̀ kò ṣe balẹ̀. Odette ra páálí funfun, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da gbogbo àtẹ náà kọ, ìlà méjìdínláàádọ́sàn-án, ó sì fi tádàwà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé: 1,000,009 JẸ́ ALÁÌṢEÉPÍN. Wọ́n gbé e kọ́ sí ara ògiri kíláàsì. Ní gbogbo ìgbà tí Linnea bá gba iwájú rẹ̀ kọjá, ojú rẹ̀ á lọ sí 293 tààrà, á sì yára mú ojú kúrò. Odette ní tirẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ yunifásítì. Ìyá rẹ̀, tó ń ṣe búrẹ́dì tà lẹ́bàá èbúté, ti ra àpótí aṣọ àlòkù kan sílẹ̀ fún un.

"Àwọ̀ ewé ni," ni Odette wí. "Táyà ẹ̀ kan ń ké bí ọmọ ológbò. Mọ́mì ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ."

Linnea bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò kọjá ẹnu.

Ní Wẹsidé, nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìdíje wáyé, Linnea jáde láti pápá yìnyín, ó bá Odette tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú yàrá ìmúra, ìwé lórí itan. Kò tíì wá síbẹ̀ rí.

"Bá mi wo nǹkan yìí," ni Odette wí. "Mi ò dúró níbi ẹgbẹ̀rún àti mẹ́ta. Mò ń mú nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń yọ ìlọ́po rẹ̀ kúrò, mò ń wo èyí tó kù. Lánàá ni mo dé 235. 235 lọ́nà 235, ó jẹ́ 55,225. Yọ ọ́ kúrò nínú nọ́ńbà wa, ó ku 944,784. Mo wò ó, mo wò ó. Linnea, 972 lọ́nà 972 ni. Mo ti ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà."

"Ó dáa náà nìyẹn. Ọ̀nà méjì lo rí."

"Kò dáa! Ṣé o ò rántí ni? Míìsì Tormala ní aláìṣeépín kì í ní ju ọ̀nà kan ṣoṣo lọ. Tó bá ti ní méjì, ó ṣeé pín nìyẹn. Àmọ́ ìwọ ti fi gbogbo wọn pín in." Ó pa ojú dé. "Mi ò mọ ibi tí mo ti ṣì í. Ìṣirò náà pé. Bóyá òfin yẹn ni mi ò gbọ́ yé. Mo fẹ́ lọ bi Míìsì lọ́la."

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti lè yanjú. Yàrá náà dá páropáro, àwọn yòókù ti lọ wẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni. Linnea la ẹnu, ohun tó sì gba ẹnu rẹ̀ jáde ni pé:

"Má lọ bi í. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Tó o bá lọ báyìí, á ní ká tún gbogbo ẹ̀ ṣe, a ò sì ní rí i parí. Bóyá òfin náà ní ibi tí kì í ti í ṣiṣẹ́. Yọ ojú ewé yẹn kúrò ni."

Odette wò ó. "Ṣé o rò bẹ́ẹ̀?"

"Mo rò bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa." Ó pa ìwé dé. "Mo mọ̀ pé èmi ló ṣe àṣìṣe. Ìwọ lo ṣiṣẹ́ tó le."

Linnea délé, kò bọ́ bàtà. Ó jókòó sí tábìlì ilé ìdáná, ó fa bébà kan yọ, ó kọ 1,000,009, ó sì mú 293, èyí tó yẹ kó mú ní ọjọ́ yẹn. Ó wọ inú ẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ku 121. Ó sọ òdo kalẹ̀. Ó wọ inú 1,210 lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó ku 38. Ó sọ òdo kalẹ̀. Ó wọ inú 380 lẹ́ẹ̀kan, ó ku 87. Ó sọ mẹ́sàn-án kalẹ̀, ó di 879. Ó wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta géérégé.

Kò ku nǹkan kan.

Ó tún un ṣe. Òdo. Ó yẹ̀ ẹ́ wò padà, 293 lọ́nà 3,413. Mílíọ̀nù kan àti mẹ́sàn-án. Kì í ṣe pé ó jìnnà. Kì í ṣe pé ó fara pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àtẹ. Òun gan-an ló kàn. Ká ní Linnea tún pín ẹyọ kan péré sí i lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ ìbá parí, ìbá sì parí pẹ̀lú ògo.

Bàbá rẹ̀ wọlé láti ibi iṣẹ́, yìnyín ní ejìká. Òun ló ń wa ọkọ̀ tó ń wọ́ yìnyín kúrò lójú títì fún ìjọba ìlú.

"Mítí-páì wà nínú ààrò o," ló wí. "Kí ló dé tí ojú ẹ rí báyìí? Ṣé wọ́n gbá ẹ nígi ni?"

"Rárá, Dádì."

"Ṣé ara ẹ ò yá?"

Ó fẹ́ sọ ọ́. Bàbá náà ti jókòó, ó ń tú okùn bàtà pẹ̀lú ọwọ́ tó ti kú tipiri. Láti aago mẹ́ta òru ló ti jáde. "Ó ti rẹ̀ mí ni," ni Linnea wí. Ó ká bébà náà sínú àpò.

Ní Fúráìdè, ó dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì Míìsì Tormala. Ó gbọ́ ohùn olùkọ́ náà lórí fóònù, ó ń sọ fún ẹnì kan pé, "Àwọn ọmọ méjì yìí, mi ò tíì ní irú wọn rí." Linnea dúró títí ẹsẹ̀ fi ń dùn ún. Lẹ́yìn náà, ó yí padà.

Wákàtí méjì ni Míìsì Tormala fi wa ọkọ̀ ní àárọ̀ Sátidé. Odette ń ka ọ̀rọ̀ tí yóò sọ lábẹ́ ẹnu. Nínú gbọ̀ngàn ńlá kan, àwọn ọmọ ilé ìwé bí ogún tò síwájú páálí wọn, àwọn adájọ́ mẹ́ta sì ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Arúgbó obìnrin tó fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sétí ni olórí wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wexford ni wọ́n ń pè é. Ó ka àtẹ ìpín lókè páálí, ó ka apá ti Odette nísàlẹ̀, ó wá kọjú sí i.

"Ìwọ lo ṣe apá yìí, àbí? Ọ̀nà kan lo kọ. Ṣé o wá òmíràn?"

"Mo wá a, mà."

"O sì rí i?"

Odette wo Linnea, ó wá wo ilẹ̀. "Mo rò pé mo rí ọ̀kan, mà. Àmọ́ mo ṣi òfin gbọ́ ni. Mo ti yọ ọ́ kúrò."

"Ó dáa," ni arúgbó náà wí. Ó tẹ orí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan.

Ó ti bọ́ nìyẹn. Linnea rí i kedere pé ó ti bọ́. Bí òun bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan sí i, wọ́n á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ títí ayé. Ó wo Odette, ó rí i bí ó ṣe ń fi èékánná họ etí ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n mú pẹ̀lú ohun tí kò jí.

"Kò ṣi nǹkan kan gbọ́, mà," ni Linnea wí.

"Kí lo wí? Gbóhùn sókè, etí mi ò gbọ́ dáadáa."

"Mo ní Odette ò ṣi nǹkan kan gbọ́." Àwọn ọmọ tó wà nítòsí yí orí padà. "Àtẹ tèmi ló ń parọ́. Mo pín in dé 283, mo wá hùmọ̀ gbogbo ìyókù. 293 pín in. Kò ṣẹ́kù rárá. Ọ̀nà kejì tó rí yẹn, òótọ́ ni."

Míìsì Tormala gbé ọwọ́ lé ẹnu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wexford fa aga kan mọ́ra, ó jókòó, ó ní kí Odette mú ojú ewé tó yọ wá. Inú báàgì rẹ̀ ló wà, kò tíì lè jù ú nù. Arúgbó náà kà á láti òkè dé ilẹ̀, ìka rẹ̀ ń tọ ìlà lọ.

"235 àti 972," ló wí jẹ́ẹ́. "O tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan títí o fi bá a. Èyí ni iṣẹ́ tó dára jù tí mo rí láàárọ̀ yìí." Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Àmọ́ ẹ mọ òfin ìdíje. Bí ẹnì kan bá kọ ohun tí kò ṣe, àwọn méjèèjì ti jáde nìyẹn. Ó dùn mí, ọmọ mi."

Odette ni ó ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe Linnea.

Nínú ọkọ̀ ni wọ́n wà, wọ́n ń padà sílé. Odette ló kọ́kọ́ la ẹnu, ojú rẹ̀ wà lára fèrèsé.

"Ìgbà wo lo mọ̀ nípa 293?"

"Wẹsidé. Lẹ́yìn tó o lọ."

"Kì í ṣe yunifásítì ló ń dùn mí jù. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò pé orí mi ò pé. Mò ń sùn, mò ń jí, mò ń rò ó pé kí ló ṣe mí tí mi ò lè lóye nǹkan tí wọ́n kọ́ wa. O mọ̀, o sì jókòó tì mí ní kíláàsì, ò ń wò mí."

Linnea ní, "Má bínú," ó sì gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kéré tó.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti já Odette sílẹ̀ ni Míìsì Tormala tó sọ̀rọ̀. "Èmi náà ní ẹ̀bi tèmi. Mẹ́ta péré ni mo yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n gbọ́, Linnea. Ká ní o kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé yẹn pé, 'Mo dé 283, mi ò tíì parí,' màá kàn kùn díẹ̀ ni, màá fún ẹ ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ọ̀rọ̀ ìbá tán síbẹ̀. Nínú ìṣirò, ẹni tó ní òun ò tíì mọ̀ kò ṣẹ̀ wá. Ẹni tó kọ èsì tí kò ní ló ń ba iṣẹ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́." Ó yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ ìṣirò títí ọdún ẹ̀kọ́ fi parí. Linnea kò bẹ̀bẹ̀.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó lọ sí ilé búrẹ́dì, ó sì sọ ọ́ fún ìyá Odette lójúkojú. Obìnrin náà nu ọwọ́ ìyẹ̀fun rẹ̀ mọ́ aṣọ ìdáná, ó gbọ́ ọ dé òpin.

"O gbìyànjú bó o ṣe wá fúnra ẹ," ló wí. "Àpótí aṣọ kì í jẹrà, á dúró. Àmọ́ ọmọ mi ò tíì fẹ́ rí ẹ. Máa lọ sílé."

Yìnyín yọ́, ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó sì kọjá. Odette máa ń kí i lójú ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń kí ojúlùmọ̀, kì í dúró. Nígbà tí oṣù kọkànlá tún dé, òun àti ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wendell Aho ni wọ́n jọ gba nọ́ńbà tuntun, tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ju ìdì bébà kan sórí tábìlì níwájú Linnea nínú yàrá ìjẹun.

"Àtẹ wa nìyí. A fẹ́ kí ẹnì kan tún gbogbo ẹ̀ pín, kó yẹ̀ ẹ́ wò. Míìsì béèrè ẹni tí mo fẹ́, mo ní ìwọ."

"Èmi? Kí ló dé tó jẹ́ èmi?"

"Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìwọ lo mọ ibi tó máa ń rẹ èèyàn."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Linnea fi ń pín. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ti jìnnà ju ibi tí òun dé lọ. Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un pé, iṣẹ́ náà kò tíì dé ìdajì. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ bébà pé: "Mo yẹ̀ ẹ́ wò dé 1,013. Mi ò tíì yẹ ìyókù wò." Ó gbé e fún Odette, ó sì dúró bí ẹni tó ń retí ìgbájú.

Odette ka ìlà náà. Ó fa aga, ó jókòó.

"Ó dáa," ló wí. "Lọ jẹun. Màá gba ibi tó o dé." Ó mú pẹ́ńsù, ó sì kọ 1,019.

Ẹni tó sọ pé iṣẹ́ òun ṣì kù, ojú kì í tì í títí dọ́la. Ẹlòmíràn lè bá a gbé e. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a kò ṣe, tí a pè ní ṣíṣe, orí ẹni tó fọkàn tán wa ló máa ń wó lé kó tó kan tiwa.